Bí Wọ́n Bá Ń Ya Inú Mọ́ọ̀lù Sínú Máàpù, Ẹ Jẹ́ Ká Ya Inú Ọjà Náà

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ilẹ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ máàpù inú fóònù ni. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan olóògì nínú ọ̀rọ̀ máàpù. Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá ríran kàwé mọ́, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn ọmọ wa kan, ọmọ inú ọjà yìí náà ni wọ́n, wá bá ìgbìmọ̀ pé àwọn fẹ́ ya gbogbo láìnì ọjà wa sínú máàpù orí fóònù, kí wọ́n kọ orúkọ láìnì kọ̀ọ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn mọ́ọ̀lù ńláńlá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ẹnu ò kò. Àwọn kan ní mọ́ọ̀lù ló yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ta ni yóò wo fóònù kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata? Àwọn kan ní kí wọ́n ṣe é kíá, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn nìkan ni kí wọ́n kọ sí i, kí àwọn tó ń pàtẹ sílẹ̀ má wulẹ̀ dí ojú máàpù.

Èrò tiwa nínú ìgbìmọ̀ kò sí níbi méjèèjì. Ohun tí a gbà ni pé bí inú mọ́ọ̀lù bá tó ohun tí à ń yà sínú máàpù, inú ọjà náà tó bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a ó bá yà á, odindi ọjà ni ká yà. Aláṣọ, aláta, oníworobo, olóúnjẹ, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó ní àtẹ, gbogbo wa pátá ni. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní máàpù mọ́ọ̀lù?

Ní 2005 ni Google gbé máàpù tirẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà. Lónìí ó ti wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa. Òun ni awakọ̀ tí wọ́n bá fi fóònù pè máa ń wò. Òun ni obìnrin inú fóònù yẹn tó máa ń sọ pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Lórí máàpù yìí, wọ́n máa ń fi àmì kékeré sí ibi tí wọ́n bá kà sí ibi tó yẹ kí àlejò mọ̀: ilé ìwòsàn, báǹkì, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ilé ìwé, ilé oúnjẹ.

Nígbà tó di November 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya inú ilé pẹ̀lú. Amẹ́ríkà àti Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́ọ̀lù ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mall of America, tí wọ́n ṣí ní 1992, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà. Bí èèyàn bá fọwọ́ fẹ ojú máàpù níbẹ̀, ńṣe ni òrùlé ilé náà á ṣí bí ìgbà tí a ṣí ọmọrí ìkòkò. Yóò rí àjà kìíní, yóò rí àjà kejì. Yóò rí ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àti ibi tí èèyàn máa gbà gòkè.

Nílẹ̀ wa náà, mọ́ọ̀lù ti ń pọ̀. The Palms ní Lẹ́kkí l'Ékòó ṣí ní 2005, Ikeja City Mall ṣí ní 2011. Ní Ìbàdàn wa níbí, irú rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó, ó sì wà ní Ring Road. Ẹni tó bá wo irú ibẹ̀ lórí fóònù á rí orúkọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú rẹ̀, aago tí wọ́n ń ṣí àti aago tí wọ́n ń tì. Ẹ wá wo ọjà tiwa lójú fóònù kan náà: orúkọ kan, àmì kan, ó parí. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tajà níbẹ̀.

Ṣé inú mọ́ọ̀lù tó ohun tí à ń kà sí?

Ẹnì kan bi wá ní ìpàdé pé kí ló wà nínú mọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ya inú rẹ̀, ṣé ààfin ni? Ìbéèrè gidi ni. Tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, mọ́ọ̀lù ò ní iyì ìtàn lọ títí. Ààfin ní iyì. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ní iyì, nítorí ìtàn ìlú wà lára ògiri rẹ̀. Mọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́ lánàá, kí ló rí rò?

Ṣùgbọ́n iyì kọ́ ló gbé mọ́ọ̀lù wọ inú máàpù o, ìwúlò ni. Ohun mẹ́ta la rò pé a lè fi wọn ìwúlò ibi kan. Èkíní, ṣé àwọn èèyàn ń wá ibẹ̀? Èkejì, ṣé ibẹ̀ dúró sójú kan, àbí ó ń ṣí kiri? Ẹ̀kẹta, ṣé àlejò lè ṣìnà níbẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó júwe fún un? Ibi tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tó kí máàpù mọ̀ ọ́n. Mọ́ọ̀lù yege. Èèyàn ń lọ síbẹ̀, kì í ṣí kúrò, àlejò sì lè máa yí po nínú rẹ̀. A ò bá mọ́ọ̀lù du èyí.

Ó kù kí a gbé ọjà náà sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ṣé àwọn èèyàn ń wá ọjà? Ẹ lọ sí Bódìjà láàárọ̀ kí ẹ wo ọkọ̀ iṣu, ọkọ̀ ẹ̀wà, ọkọ̀ èlùbọ́. Ẹ lọ sí Gbági kí ẹ wo àwọn tó wá ra aṣọ ẹbí. Ẹ lọ sí Aráròmí ní Géètì kí ẹ wo àwọn tó ń wá ẹ̀yà ara mọ́tò. Ṣé ọjà dúró sójú kan? Ọjà Ọba tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí. Ṣé àlejò lè ṣìnà nínú ọjà? Háà! Ọmọ onílùú gan-an ń ṣìnà níbẹ̀. Ẹni tó wọ ọjà láti ẹnu ọ̀nà kan, tó jáde lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó lè má mọ̀ pé ibì kan náà ni òun ṣì wà.

Tẹ́lẹ̀ náà, ọjà la fi ń júwe ilé nílùú yìí. Bí o bá bi èèyàn ní ilé rẹ̀, kò ní sọ nọ́ńbà ojúlé fún ọ. Yóò ní kí o bọ́ sílẹ̀ ní ọjà báyìí, kí o bèèrè láìnì báyìí, ilé náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Orúkọ ọjà ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń pè láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọjà ti jẹ́ ibi tí gbogbo èèyàn fi ń mọ̀nà kí Google tó dé, nítorí náà kì í ṣe àánú là ń tọrọ pé kí wọ́n ṣe wá.

Kí ló dé tí àwa fi jẹ́ àmì kan ṣoṣo?

Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó síbì kan kó ní òun ò fẹ́ràn ọjà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ya nǹkan wọ̀nyí ló fà á. Mọ́ọ̀lù ní ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan tó ni ín. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n ti ní pílánì rẹ̀ lórí ìwé. Pílánì yẹn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ya máàpù. Ọjà tiwa ńkọ́? Kàńsù kọ́ apá kan, ẹbí onílẹ̀ kọ́ apá kan, àwa fúnra wa dá owó kọ́ apá kan, àwọn mìíràn ta àgbùrandà wọn tí wọ́n fi jókòó. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ wà. Pílánì tiwa orí ni ó wà: orí Ìyálọ́jà, orí alábàárù, orí àwọn ìyá tó ti pẹ́ lọ́jà.

Ohun kejì ni pé ojú títì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya máàpù ń gbà kọjá. Ní 2017 ni Google gbé àwòrán ojú títì Èkó jáde, tí wọ́n fi kámẹ́rà orí ọkọ̀ yà. Ọkọ̀ wo ló lè wọ àárín àtẹ tòmátò? Bárò gan-an, ẹ̀bẹ̀ ló fi ń kọjá. Nítorí náà, ẹni tó wà létí títì ni kámẹ́rà ń rí, ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún, kò rí i.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀ ni fóònù mọ̀, láti Monday dé Sunday. Ó fẹ́ kí o sọ aago tí o ń ṣí ní Monday àti aago tí o ń ṣí ní Tuesday. Ṣùgbọ́n ọjà ọlọ́rùn-ún wà, ọjà onísàn-án wà. Ọjà aṣọ òkè ní Ọ̀jẹ̀, ìtàdógún-ìtàdógún ni wọ́n ń ná an. Ọjọ́ ọjà yìí lè bọ́ sí Monday lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ sí Wednesday lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù ò ní ibi tí èèyàn á ti kọ irú ìyẹn sí. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ fóònù gbọ́ lè ti Abẹ́òkúta wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Òye àwọn tó ṣe fóònù ni kò tíì dé ibi tí kàlẹ́ńdà àwọn baba wa dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ wa. Àwọn ọmọ wa ṣàlàyé pé ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà fún un ni àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè ọ̀run, àti pé òrùlé kọnkéré àti àjà lórí àjà máa ń dí i lójú. Ìdí nìyẹn tí yíya inú mọ́ọ̀lù fi le. Tiwa tó jẹ́ páànù àti ìta gbangba, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ méjì àti fóònù kan ti tó láti yà á. Ohun tí owó ńlá ń ṣe fún mọ́ọ̀lù, rírìn la ó fi ṣe tiwa.

Kí ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa báyìí?

Àkọ́kọ́ ni oníbàárà. Ọmọ wa tó ti ìlú òyìnbó dé fún ìgbéyàwó, tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà, fóònù ló máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fóònù bá fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta hàn án nínú mọ́ọ̀lù, tí ọjà sì jẹ́ àmì kan tí kò sọ nǹkan kan, ibo lẹ rò pé yóò lọ? Bó bá tiẹ̀ wá sọ́jà, àwọn ọmọ tó ń fa oníbàárà kiri lẹ́nu ọ̀nà ló máa mú un. Wọ́n á mú un lọ síbi tó wù wọ́n, wọ́n á lé owó tiwọn lé ọjà, oníbàárà á padà sílé, á máa sọ pé ọjà wọ́n, oníjìbìtì sì ni wá. Ẹni tí kò jẹ gbì, tí kò jẹ gbó, orúkọ rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìkejì ni iná. Gbogbo wa la gbọ́ nípa iná tó jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní January 2020. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ọjà, àwọn panápaná gbọ́dọ̀ mọ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn lè gbà, láìnì tó fẹ̀ àti èyí tó há, àti ibi tí omi wà. Bí ẹni tó pè wọ́n bá ní "láìnì aláṣọ ni", kí ni ìyẹn já mọ́ fún ẹni tí kò dé ọjà náà rí? Máàpù ò ní pa iná. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n máa fi bèèrè ọ̀nà, iná ò ní dúró dè wọ́n.

Ìkẹta ló wúwo jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a jókòó lé. Ẹ rántí Tejúoṣó ní Yábàá. Iná jó o ní December 2007. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́ tán ní 2014, ó ti di ilé alájà púpọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ọjà kan kọ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wáyé ni pé àwọn wo ló wà níbẹ̀, mélòó ni wọ́n, ibo ni oníkálukú jókòó sí? Ẹni tó bá ní ìwé ló máa ń dáhùn. Ẹni tí kò ní ìwé, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀.

Ẹ wá wò ó báyìí. Bí a bá ya ọjà wa, tí a ya àwọn ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin nìkan, tí a fi ibi tí àwọn ìyá wa ń pàtẹ ẹ̀fọ́, iṣu, ògì àti ẹja sí sílẹ̀ lófìfo, kí ni ẹni tó bá wo máàpù yẹn lọ́la máa sọ? Yóò ní ilẹ̀ ṣófo ni. Yóò ní ká fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwa fúnra wa la ti fi ọwọ́ ara wa pa àwọn ìyá wa rẹ́ kí kàńsù tó dé. Nítorí náà ni a fi sọ pé àbá àwọn tó ní kí á kọ onílé ìtajà nìkan, kò dára, a ò sì ní fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń pàtẹ sílẹ̀ láti ogún ọdún, tó ń san owó ẹgbẹ́ àti owó ìta, ojúkò ni òun náà ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún obìnrin ọjà. Ní nǹkan bí 1936, ìjọba àwọn òyìnbó fẹ́ kó ọjà Eréko l'Ékòó lọ sí Olúwọlé. Lórí ìwé tiwọn, ó rọrùn bí ẹni gbé àga láti yàrá dé pálọ̀. Màmá Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, tó jẹ́ olórí ọjà náà, àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé, àwọn obìnrin ọjà sì dìde títí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ohùn ni wọ́n fi jà nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ àti ohùn ṣì wà lónìí o, ṣùgbọ́n ó dára kí ìwé náà wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn mìíràn ti ṣe é kí ó tó kàn wá. Ní Kibera, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi ní orílẹ̀-èdè Kenya, ojú òfìfo ni ó jẹ́ lórí máàpù títí di 2009, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà rìn káàkiri, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi omi. Ní Mákòókó l'Ékòó náà, ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dúróònù ya àwòrán láti òkè, wọ́n sì fi ọ̀nà omi àti ilé wọn sórí máàpù tí gbogbo ayé lè rí. A ò sọ pé máàpù lè dá katapílà dúró. Ohun tí a sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lé ọ kò ní lè sọ mọ́ pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀.

Ohun tó ń ba àwọn kan lẹ́rù

A ò ní fojú di ẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní bí orúkọ bá ti wọ inú fóònù, àwọn agbowó-orí á wá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìgbà wo ni agbowó-orí sọ ọ̀nà ọjà nù rí? Wọ́n mọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, a gbà pé kò yẹ ká kọ ohun tí kò kan ará ìta. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ iye ọjà tí èèyàn ní, iye owó tó ń pa, ibi tó ń gbé, tàbí ibi tó ń kó ọjà pamọ́ sí. Ìyẹn ló ń pe olè. Láìnì àti irú ọjà tó wà níbẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wọlé, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, tipátipá kọ́.

Àwọn kan ní ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó bá fẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Àjèjì lè dábàá lórí máàpù pé ṣọ́ọ̀bù kan ti kógbá wọlé, nígbà tí olówó rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ẹlòmíì lè kọ èébú síbi tí oníbàárà ti ń sọ èrò wọn. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa mójú tó o. Oko tí olóko kò dé, ẹranko ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ ṣọ́ra fún oníjìbìtì. Fífi ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni. Máàpù mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní OpenStreetMap, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, gbogbo èèyàn ló ń para pọ̀ yà á. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìsọ̀ yín pé Google ló rán òun, kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Bó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ má kà á. Ẹ pe akọ̀wé ẹgbẹ́ kíá.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé síwájú ìpàdé

Èkíní, kí àwọn ọmọ inú ọjà wa fúnra wọn ya á, kí ìyá kan tó ti pẹ́ lọ́jà sì máa bá wọn rìn ní láìnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mọ fóònù, ìyá mọ ọjà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èkejì, kí a fi orúkọ tí à ń pe láìnì gan-an kọ ọ́, lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Láìnì Aláta ni kó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di nǹkan mìíràn nítorí pé ó fẹ́ kó dún bí òyìnbó.

Ẹ̀kẹta, kí ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bákan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù. Lórí èyí, ìgbìmọ̀ ò ní yẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi àwọn ẹnu ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kànga, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà sí i. Kí a tẹ ẹ̀dà kan sórí ìwé fún ilé-iṣẹ́ panápaná, ọ̀kan fún kàńsù, ọ̀kan sínú àpótí ẹgbẹ́. Ìwé tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́, dátà ò lè tán lórí ìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn onísọ̀ tó bá fẹ́ gba nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Plus Code. Láti 2015 ló ti wà lórí máàpù Google. Lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ ni, tó ń dúró bí àdírẹ́sì fún ibi tí kò ní nọ́ńbà ojúlé. Ẹ lè kọ ọ́ sára rìsíìtì, kí ọlọ́kadà tó ń bá yín gbé ọjà lè rí yín.

Ẹ̀kẹfà, nítorí àwọn ìyá wa tí kò ní fóònù olójú ńlá, àti oníbàárà tí dátà rẹ̀ ti tán, kí a ya máàpù ọjà sórí pátákó ńlá, kí a gbé e sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Mọ́ọ̀lù gan-an ní irú pátákó yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ayàwòrán pátákó wà nínú ọjà yìí, iṣẹ́ wọn ni.

Ìkeje, kí a yan ẹni méjì, ọmọ kan àti àgbà kan, tí yóò máa yẹ máàpù náà wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ni kó ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, kó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹni yẹn bá japa, ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ bá a japa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ò bá mọ́ọ̀lù jà. Àwọn ọmọ wa kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwa náà sì máa ń yà síbẹ̀ gba afẹ́fẹ́ tútù nígbà mìíràn. Ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Ohun tí à ń sọ kò ju pé kí ojú tí wọ́n fi wo ilé kọnkéré ni kí wọ́n fi wo páànù àti agbòòrùn wa. Bí ṣọ́ọ̀bù bàtà kan lórí àjà kejì bá tó kí àlejò mọ̀, ìyá tó ti ń ta èlùbọ́ sójú kan náà láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ wà ní pírámárì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Kí olórí láìnì kọ̀ọ̀kan bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó sì mú orúkọ tí wọ́n ń pe láìnì wọn wá, àti iye àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tiwa, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, a ó fetí sí i. Ẹ má jókòó sí ìsọ̀ kí ẹ máa kùn lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti tú.

Kí Olúwa má fi ojúkò wa fún ẹlòmíì. Ẹ kú ọjà o.